Ìwé Pé, Ọkọ̀ Ńkọ́?

Orí ilẹ̀ ni àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀. Àkàbà ọkọ̀ wà níwájú wa, ẹ̀ṣọ́ tó wà lókè sì ti ń wò wá, ṣùgbọ́n obìnrin tí mo tẹ̀ lé kò tíì ṣetán láti gùn ún. Ó ń rìn létí omi lọ síwájú, ó ń rìn padà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin ọkọ̀ náà. Èbúté Àpápá la wà. Ọkọ̀ akẹ́rù náà gùn tó nǹkan bí 180 mítà, àlìkámà ló kó wá, àwọn kireni sì ti ń bu ọkà náà jáde láti àná. Eruku rẹ̀ ti kun bàtà gbogbo ẹni tó wà nítòsí.

Òṣìṣẹ́ àjọ NIMASA ni obìnrin yìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ òkun àti ààbò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Màdáámù ni gbogbo èbúté ń pè é, èmi náà yóò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbà kí n tẹ̀ lé òun, ó ní kí n má dárúkọ ọkọ̀ náà, kí n má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Akoto, bàtà onírin, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yinrin: a wọ gbogbo rẹ̀ pé.

Ohun tó ń wò nísàlẹ̀ ni àmì kan tí wọ́n kùn sí agbedeméjì ara ọkọ̀. Òbìrìkìtì kan ni, ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ìlà kéékèèké sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí eyín òòyà. Lẹ́tà wà lára ìlà kọ̀ọ̀kan. T ni ti omi ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, S ni ti ìgbà ooru ní òkè òkun, W ni ti ìgbà òtútù, F sì ni ti omi tí kò níyọ̀. Bí omi bá ti bo ìlà tó yẹ kó hàn, ẹrù ti pọ̀ jù nìyẹn. Omi oníyọ̀ ń gbé ọkọ̀ sókè ju omi aláìníyọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìlà kan ṣoṣo kò fi lè tó. Omi ọ̀sà Èkó kì í níyọ̀ tó ti agbami, pàápàá lásìkò òjò, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ti òkun wọ inú ọ̀sà yóò jìn sí omi díẹ̀ sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àpò kan kún ẹrù rẹ̀. Màdáámù ṣírò ìyẹn mọ́ ọn kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Plimsoll, aṣòfin láti ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jà fún àmì yẹn. Kó tó dìde, olówó ọkọ̀ lè di ẹrù dé ọrùn, kó san owó adójútòfò, kó sì jókòó sílé. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, èrè ni. Bí ó bá rì, èrè náà ni. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni òfò ń ṣe. Ní 1876, òfin sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ ní àmì yìí. Ṣùgbọ́n òfin náà gba olówó ọkọ̀ láyè láti fà á síbi tó bá wù ú! Ó di 1890 kí ìjọba tó gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko, ọkọ̀ lè ní àmì tí òfin fẹ́, kí àmì náà má sì dáàbò bo ẹnì kankan. Ìtàn yẹn ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ọjọ́ náà, nítorí mo rí i pé iṣẹ́ Màdáámù kò ju èyí lọ: kó wò ó bóyá ohun tí ìwé sọ àti ohun tó wà lára ọkọ̀ bára mu.

A gun òkè. Ẹ̀ṣọ́ orí àkàbà ní ká fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ó kọ orúkọ wa sínú ìwé, ó wo inú báàgì wa. Màdáámù kò bínú rárá, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Láti oṣù keje ọdún 2004 ni òfin àgbáyé ti sọ ìbéèrè yẹn di dandan. Ká ní ó jẹ́ ká wọlé gbẹrẹfu, ibẹ̀ ni Màdáámù ìbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àléébù.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ọkọ̀ tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn yunmuyunmu. Kápùtéènì náà, ọmọ orílẹ̀-èdè Íńdíà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ti to fáìlì ìwé ẹ̀rí sórí tábìlì. Wọ́n pọ̀: ìwé ẹ̀rí ìkọ́lé ọkọ̀, ti ohun èlò ààbò, ti rédíò, ti gbèdéke ẹrù, ti ìdènà epo dída sómi, ti ìṣàkóso ààbò, ti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, àti ti atukọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ń lò, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ sùn fún ọdún márùn-ún. Lọ́dọọdún ni ayẹ̀kọ̀wò gbọ́dọ̀ wá, láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú àyájọ́ ìwé náà tàbí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kó yẹ ọkọ̀ wò kó sì fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò, apá tí omi ń bò mọ́lẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni ojú wọn ń wà lára ọkọ̀ òkun. Ìkíní ni orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ta àsíá ìlú olówó wọn: Panama, Làìbéríà àti Erékùṣù Marshall ni àsíá wọn pọ̀ jù lórí òkun, bẹ́ẹ̀ olówó ọkọ̀ lè máa gbé ní Gíríìsì tàbí Ṣáínà. Ìkejì ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ díwọ̀n ọkọ̀. Lloyd's Register tó ti wà láti 1760 ni àgbà wọn. Ìkẹta ni orílẹ̀-èdè tó ni èbúté tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, bí Màdáámù ṣe jókòó yẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn lórí irú àyẹ̀wò yìí ní Paris ní 1982, lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo Amoco Cadiz fọ́ sí etíkun Faransé ní 1978. Tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Áfíríkà, Àbújá ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1999, Èkó sì ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ó pẹ́ tí etíkun wa ti jẹ́ ibi tí wọ́n ń rán ọkọ̀ tí kò dára mọ́ wá.

Gbogbo ìwé orí tábìlì náà ló pé, ọjọ́ kankan kò kọjá. Kápùtéènì rẹ́rìn-ín músẹ́. Màdáámù kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára.

Ìwé Titanic náà pé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sọ pé ọkọ̀ tó bá ti ju 10,000 tọ́ọ̀nù lọ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà 16. Wọ́n ti ṣe òfin náà kí irú ọkọ̀ tó tó 46,000 tọ́ọ̀nù tó dé, ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe. Titanic gbé 20, ó ju ohun tí òfin béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn 1,178 ni gbogbo wọn lè gbà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sì lé ní 2,200. Nígbà tó rì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1912, nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló bá a lọ. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ní oṣù kìíní ọdún 1914, àwọn orílẹ̀-èdè tó péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí gbogbo atukọ̀ ń pè ní SOLAS. Ogun àgbáyé kò jẹ́ kó fìdí múlẹ̀. Wọ́n tún un kọ ní 1929, ní 1948, ní 1960, àti ní 1974. Ti 1974 yìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, la ń lò títí di òní pẹ̀lú àtúnṣe lóríṣiríṣi. Àjọ IMO tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bójú tó o.

Ìwé tí Màdáámù fara balẹ̀ kà jù kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n tò kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú ìwé wákàtí ìsinmi wá. Òfin òṣìṣẹ́ orí omi sọ pé atukọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10 ó kéré tán nínú wákàtí 24, àti wákàtí 77 nínú ọjọ́ méje. Ìwé náà mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Ó fi ìka lé ọjọ́ kan.

"Kápùtéènì, ìgbà wo lẹ so ọkọ̀ yìí mọ́ èbúté?"

"Aago méjì òru, Màdáámù."

"Ìwé yín sọ pé gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì ń sùn ní aago méjì òru ọjọ́ yẹn. Ta ló wá so okùn?"

Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé nínú gbogbo ohun tó rí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí ló kéré jù lójú, òun ló sì burú jù lọ́nà kan, nítorí ẹni tó rẹ̀ kì í rí ewu títí yóò fi dé bá a, ìwé tó sì purọ́ nípa àárẹ̀ lè purọ́ nípa ohun mìíràn.

Yàrá ìtọ́kọ̀ kò gbà wá lákòókò. Àwòrán ojú òkun inú kọ̀ǹpútà jẹ́ ti lọ́ọ́lọ́ọ́, iná ojú ọ̀nà ń ṣiṣẹ́, iná ìpè fún ìrànlọ́wọ́ méjìlá tí wọ́n ń yìn sí òfurufú wà nínú àpótí wọn, ọjọ́ kò sì tíì kọjá lára wọn. Lẹ́yìn ìta ni ẹ̀rọ kékeré kan wà, aláwọ̀ òféèfèé, tí yóò fúnra rẹ̀ léfòó bí ọkọ̀ bá rì, tí yóò sì máa ké sí sátẹ́láìtì fún wákàtí 48. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, a sọ̀kalẹ̀.

Orí dẹ́ẹ̀kì ni oòrùn ti gbà wá. Márùn-ún ni àká ẹrù ọkọ̀ náà, ìdérí irin ńláńlá ló sì ń bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ti kó ọkà rẹ̀ tán ni Màdáámù lọ bá. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ rọ́bà tó yí etí ìdérí ká, ó ń fi òòlù kékeré lu irin, ó ń tẹ́tí. Irin tó le a dún, èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú a dákẹ́. Àwọn atukọ̀ lè kùn ún títí kó máa dán lójú, ọ̀dà kò sọ irin di tuntun.

Mo bi í pé kí ló dé tí ìdérí fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ ọkọ̀ kan: Derbyshire. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tó gùn ju 290 mítà lọ, wọ inú ìjì líle nítòsí Japan pẹ̀lú ẹrù òkúta irin. Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé òun wà nínú ewu. Ènìyàn 44 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé agbára ìjì ló borí rẹ̀. Àwọn ẹbí olóògbé kò gbà, wọ́n jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun ní 1994. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé omi gba ojú ihò afẹ́fẹ́ iwájú wọlé díẹ̀díẹ̀, imú ọkọ̀ ń wọ omi, ìgbì wá ń gun orí ìdérí àká àkọ́kọ́ títí tó fi wó. Wọn kò ṣe ìdérí náà láti gba irú ẹrù omi bẹ́ẹ̀. Láti inú irú ikú yìí ni orí kan pàtó fi wọ inú SOLAS lórí ọkọ̀ akẹ́rù bíi èyí tí a dúró lé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1999. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tó ń kéde omi wà nínú àká. Màdáámù ní kí wọ́n dán tiwọn wò. Ó ké.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní Oron, tó wá ń kọ́ṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Bó ṣe rí i pé Yorùbá là ń sọ, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun, ọmọ mi. Bí mo bá ní kó o wọ inú àká yẹn lọ mú nǹkan wá fún mi nísinsìnyí, kí lo máa ṣe?"

"Mi ò ní wọ̀ ọ́, mà."

"Ọ̀gá rẹ ló rán ọ o."

"Mi ò ní wọ̀ ọ́ títí wọn ó fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tí wọ́n á wọn ọ́síjìn, tí wọ́n á sì buwọ́ lùwé. Tó bá kéré sí ogún lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́."

Ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ jáde, ó tàn án, ó fi hàn wá: 20.9, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ọkà tí wọ́n kó pa mọ́ máa ń mí, ó ń fa ọ́síjìn inú àká. Ewu mìíràn tún wà: oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú àlìkámà lójú ọ̀nà máa ń tú gáàsì fọ́sífíìnì jáde, gáàsì tó ń pa ènìyàn bó ṣe ń pa kòkòrò. Ẹni àkọ́kọ́ á wọ inú àká, á ṣubú. Ẹni kejì á rí i, àánú á ṣe é, á sáré wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú. Àánú ti pa ọ̀pọ̀ atukọ̀ lọ́nà yìí. Láti 2015 ni òfin ti sọ pé kí wọ́n máa ṣe ìdánrawò lórí rẹ̀ ní oṣù méjì-méjì. Màdáámù fi ọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù ọ̀gá lé e wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti àyẹ̀wò mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ohun ìgbẹ̀mílà ló kàn. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò ní jẹ́ kí ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣeé lò. Ó wo ìkọ́ tó gbé wọn rọ̀ dáadáa. Irú ìkọ́ yẹn ti já nígbà ìdánrawò, ó ti ju àwọn atukọ̀ sómi láti òkè gíga, débi pé àwọn kan ń bẹ̀rù ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ju òkun lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àjọ IMO fi pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ìkọ́ tí kò dára tó, ó pẹ́ tán ní oṣù keje ọdún 2019. Ti ọkọ̀ yìí jẹ́ tuntun, gírísì sì wà lára rẹ̀.

Ibi tó ti rí àléébù ni àgbá funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú àgbá náà ni ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ìgbẹ̀mílà wà ní kíká. Báyìí ló yẹ kó ṣe é: bí ọkọ̀ bá rì kí ẹnikẹ́ni tó ráyè tú àgbá náà, ohun èlò kékeré kan tó so ó mọ́lẹ̀ yóò já fúnra rẹ̀ kí omi tó jìn ju mítà mẹ́rin lọ. Àgbá yóò léfòó. Okùn tó so ó mọ́ ọkọ̀ yóò fà á ṣí, afẹ́fẹ́ yóò kún un. Okùn náà wá gbọ́dọ̀ kọjá lára ọ̀já kan tí wọ́n dìídì ṣe kó má lágbára, kó lè já, kí ọkọ̀ afẹ́fẹ́ náà má bàa bá irin lọ sí ìsàlẹ̀. Ní apá òsì, ẹnì kan ti so okùn náà tààrà mọ́ irin ọkọ̀. Ó so ó dáadáa, kóko rẹ̀ le dandan. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀, yóò kún fún afẹ́fẹ́ lójú wọn, yóò sì tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún àgbá yẹn wà lórí tábìlì kápùtéènì, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Bósùn, olórí àwọn ọmọ iṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì, tún un so lójú wa. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pa iná ńlá ọkọ̀ náà láti dán jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì wò. Òfin fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 45 láti gbé iná dé. Màdáámù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tàn kó tó dé ìdajì. Nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru ti ń bani lójú bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ó wo ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò lára omi ìdọ̀tí. Omi tí wọ́n bá máa dà sókun kò gbọ́dọ̀ ní epo ju ìpín 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ó wo àwọn páìpù tó yí i ká bóyá wọ́n ti tú ìdè kan láìpẹ́ yìí, nítorí àwọn kan máa ń fi páìpù ìkọ̀kọ̀ da epo sómi lóru. Kò rí ìyẹn.

Pọ́ǹpù iná pàjáwìrì ló mú gbogbo wa dúró. Ẹ̀yìn ọkọ̀ pátápátá ló wà, jìnnà sí yàrá ẹ́ńjìnnì, kò sì bá àwọn pọ́ǹpù yòókù pín agbára kan náà. Ó nídìí. Yàrá ẹ́ńjìnnì ni iná ti máa ń sọ jù nínú ọkọ̀, bí ó bá sì sọ níbẹ̀, àwọn pọ́ǹpù inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa jóná. Èyí tó wà lẹ́yìn yìí nìkan ni yóò kù láàárín àwọn atukọ̀ àti iná, lórí omi tí kò sí ẹgbẹ́ panápaná kankan tí wọ́n lè ké pè.

Ọ̀gá ẹnjiníà tẹ bọ́tìnnì. Pọ́ǹpù náà yí, ariwo rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Abẹ́rẹ́ gééjì kò kúrò lórí òdo. Lórí dẹ́ẹ̀kì, họ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ti tẹ́ kalẹ̀ dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọn méjì tó di ẹnu wọn mú sì ń wo ara wọn. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Ẹ̀kán omi kan kò jáde.

"Ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màdáámù," ni ọ̀gá ẹnjiníà wí. "Ó wà nínú ìwé."

"Mo gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkà kún inú ọkọ̀ yìí."

Ohun tó ń sọ yé ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹrù kún inú ọkọ̀, ọkọ̀ jìn sómi, omi sún mọ́ pọ́ǹpù. Bí wọ́n ṣe ń kó ọkà jáde ni ọkọ̀ ń gòkè, pọ́ǹpù náà sì ń jìnnà sí omi tó yẹ kó fà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé níbì kan lára páìpù tó ń fa omi, kò ní lè fa omi dé òkè mọ́. Irọ́ kọ́ ni ìwé pa. Òtítọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ sì ti yàtọ̀ láti ìgbà náà.

Bí wọ́n ṣe ń tú páìpù náà, a gòkè lọ gba afẹ́fẹ́. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí Màrínà lódìkejì omi. Ọkọ̀ èrò kéékèèké ń kọjá láàárín, àwọn mìíràn kún fọ́fọ́, ẹ̀wù amúniléfòó wà lọ́rùn àwọn kan, kò sí lọ́rùn àwọn kan. Mo bi Màdáámù bóyá SOLAS mọ àwọn wọ̀nyẹn. Ó mi orí. Ọkọ̀ tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni àdéhùn náà wà fún. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tó 500 tọ́ọ̀nù kò sí nínú rẹ̀, ọkọ̀ apẹja kò sí nínú rẹ̀, ọkọ̀ onígi tí wọ́n kàn láyé àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn yẹn, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni wọ́n.

Èyí ló dùn mí jù lọ́jọ́ náà, n kò sì ní fi bò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọkọ̀ èrò Le Joola ti Senegal ń lọ láti Ziguinchor sí Dakar, láti ìlú kan sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Nǹkan bí 580 ènìyàn ló yẹ kó gbé. Ó dojú dé lóru nínú òkun Gambia, àwọn tó kú lé ní 1,800. Wọ́n ju àwọn tó bá Titanic lọ. Ogójì ọdún kò tíì pé tí òfin Plimsoll lórí àmì ara ọkọ̀ jáde nígbà tí Titanic rì. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún nígbà tí Le Joola rì, ẹrù àti èrò àpọ̀jù ṣì ń pa wá. Òkun kan náà ni, ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú, ṣùgbọ́n ìlọ́po mélòó ni àwọn ọmọ wa tó mọ orúkọ Titanic fi ju àwọn tó mọ Le Joola lọ? Mo fẹ́ kí irú ojú tí Màdáámù fi ń wo ọkọ̀ àlìkámà yìí dé orí gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ilé ìwé àti ìyá ọlọ́jà kọjá lórí ọ̀sà. Àwọn àjọ wà tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́rùn wọn. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ wọn, kí àwa náà sì máa kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tó ti kún.

Aago ìkìlọ̀ dún. Màdáámù ti ní kí wọ́n ṣe ìdánrawò iná. Wọ́n péjọ kíákíá, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó. Kò bá kápùtéènì sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń bi ní ìbéèrè. Ó bi agbọ́únjẹ pé kí niṣẹ́ rẹ̀ bí iná bá sọ. Ó dáhùn. Ó bi ọmọ Ìlàjẹ. Ó dáhùn. Ó bi ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní yàrá ẹ́ńjìnnì pé ta ló ń ti àwọn ihò afẹ́fẹ́, ọkùnrin náà wo ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì náà wò ó padà.

Irú ìwò yẹn ló pa ènìyàn 193 ní Zeebrugge ní oṣù kẹta ọdún 1987, nígbà tí ọkọ̀ Herald of Free Enterprise kúrò ní èbúté láìti ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó tì í ń sùn. Àwọn tó kù rò pé ẹlòmíràn ti tì í. Kápùtéènì kò ní iná kankan lókè tó lè sọ fún un pé ó ṣí sílẹ̀, àwọn ọ̀gá orí ilẹ̀ sì ti kọtí sí ìbéèrè fún irú iná bẹ́ẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni òfin ìṣàkóso ààbò ti wá ní 1998, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ní ìjàǹbá, ìbéèrè á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì lórí ilẹ̀ pẹ̀lú. Màdáámù ní kí wọ́n pín iṣẹ́ ihò afẹ́fẹ́ náà lórúkọ, kí wọ́n sì tún ìdánrawò ṣe. Wọ́n tún un ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó pẹ̀lú kápùtéènì, ó sì kọ àbájáde. Okùn ọkọ̀ afẹ́fẹ́: wọ́n ti tún un ṣe. Ìwé wákàtí ìsinmi: kí ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 14. Pọ́ǹpù iná pàjáwìrì: ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò títí yóò fi ṣiṣẹ́. Kápùtéènì ka gbogbo rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ní ẹni tó háyà ọkọ̀ náà ń dúró de òun ní èbúté mìíràn, pé owó ńlá ni ìdádúró ọjọ́ kan. Màdáámù ní òun mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà kan tó ti gbó lára páìpù náà. Ọkọ̀ ti gòkè ju ti àná lọ, àká mẹ́ta ti ṣófo. Ọ̀gá ẹnjiníà, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn, tẹ bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ gééjì gbọ̀n, ó dìde. Họ́ọ̀sì méjèèjì le gbagidi, omi ọ̀sà sì ta jáde kọjá etí ọkọ̀. Màdáámù jẹ́ kó ta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko kó tó ní kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ló bi ọkùnrin náà ìgbà wo ló sinmi gbẹ̀yìn, ó sì ní kí kápùtéènì kọ wákàtí tòótọ́ sínú ìwé lójú òun kí òun tó fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda ọkọ̀.